Mò ń tọ́jú màmá mi, àdúrà ò fẹ́ yọ lẹ́nu mi mọ́

ỌmọMàmá

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlu màmá mi. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń wọ́ lẹ́nu wọn. Ní báyìí, ìgbàgbé tún ti wọ̀ ọ́. Nígbà mìíràn wọ́n á fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń fún wọn lóògùn, èmi náà ni mo máa ń dìde lóru bí wọ́n bá ké. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń fi owó ránṣẹ́, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n owó kì í gbé ènìyàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Kì í ṣe iṣẹ́ náà gan-an ló gbé mi wá síbí. Mo fẹ́ràn màmá mi. Àdúrà ló ṣòro fún mi. Láti kékeré ni mo ti máa ń gbàdúrà ní ìdájí, ṣùgbọ́n báyìí, bí mo bá kúnlẹ̀, oorun ni yóò gbé mi lọ, tàbí kí n kàn máa wo ògiri láìrí ohun kan sọ. Àwọn ará ìjọ ń sọ fún mi pé kí n ní ìgbàgbọ́, pé Ọlọ́run kì í gbé ẹrù tó ju agbára wa lọ lé wa lórí. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ṣe ni àárẹ̀ ọ̀hún tún ń pọ̀ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, báwo ni ẹ ṣe rí agbára nínú Olúwa? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ ń ṣe gan-an ni kí ẹ sọ fún mi.

Ìyá Ìbejì

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú màmá. Ọlọ́run yóò san án fún ọ. Kíndìnrín ọkọ mi ló dáṣẹ́ sílẹ̀, a sì wà lẹ́nu fífọ ẹ̀jẹ̀ títí Olúwa fi pè é. Mo mọ ohun tí ò ń sọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ kan kúrò lọ́rùn rẹ. Ire ni ẹni tó sọ̀rọ̀ ẹrù yẹn ń rò sí ọ, ṣùgbọ́n ohun tí Pọ́ọ̀lù sọ nípa ara rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ṣí 2 Kọ́ríńtì 1, ẹsẹ 8 àti 9. Ó ní ìpọ́njú tó dé bá àwọn ní Éṣíà wọ àwọn lọ́rùn ju agbára àwọn lọ, débi pé àwọn ò retí pé àwọn á yè é mọ́. Ó ní ó rí bẹ́ẹ̀ kí àwọn má baà gbẹ́kẹ̀ lé ara àwọn, bí kò ṣe Ọlọ́run tó ń jí òkú dìde. Bí ẹrù bá ju agbára rẹ lọ, kò túmọ̀ sí pé ìgbàgbọ́ rẹ kéré. Àpọ́sítélì náà débẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ka 1 Àwọn Ọba 19. Èlíjà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti ọ̀run nípa àdúrà rẹ̀ ló jókòó sábẹ́ igi nínú aginjù, tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run ò bá a wí. Áńgẹ́lì jí i lójú oorun pé kó dìde jẹun. Ó jẹ, ó mu, ó tún padà sùn. Áńgẹ́lì tún jí i, ó tún jẹ. Ìgbà yẹn ló tó rí agbára rìn dé Hórébù, níbi tó ti gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn. Oúnjẹ àti oorun ló ṣáájú ọ̀rọ̀. Bí o bá kúnlẹ̀ tí oorun sì gbé ọ, sùn, ọmọ mi. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ Ísírẹ́lì kò ní tòògbé ní tiẹ̀.

Ìbéèrè mi nìyí: ta ló ń gbà ọ́ sílẹ̀ lóru?

AkọrinKejì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Bàbá mi ló ní àrùn ìgbàgbé ní tèmi, mo sì ń tọ́jú wọn lọ́wọ́ báyìí.

Ní ti àdúrà, mo ti yọwọ́ nínú àdúrà gígùn fún ìgbà yìí, ọkàn mi ò sì dá mi lẹ́bi. Mo so àdúrà kéékèèké mọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Bí mo bá ń bu omi ìwẹ̀ wọn, mo máa ń sọ pé, «Olúwa, ṣàánú fún wa.» Bí mo bá ń ká aṣọ ibùsùn, mo máa ń sọ pé, «Ìwọ ni olùrànlọ́wọ́ mi.» Nígbà tí kò bá sí ọ̀rọ̀ rárá, mo máa ń rántí Róòmù 8:26, pé a kò mọ bó ti yẹ ká gbàdúrà, ṣùgbọ́n Ẹ̀mí fúnra rẹ̀ ń fi ìrora tí a kò lè fẹnu sọ bẹ̀bẹ̀ fún wa. Mo gba ẹsẹ yẹn gbọ́ bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìmí ẹ̀dùn tí ẹ mí nígbà tí ẹ ń gbé màmá yí padà lóru, ó ti dé etí Ọlọ́run.

Ẹ tún máa ya ọ̀rọ̀ Sáàmù lò. Ẹ má mú kìkì àwọn tó ń yọ̀. Ìgbà mélòó ni Dáfídì béèrè nínú Sáàmù 13 pé, «Yóò ti pẹ́ tó, Olúwa?» Sáàmù 88 tilẹ̀ wà níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ nínú igbe tó sì parí sínú òkùnkùn, kò sí ìyìn kankan níparí rẹ̀. Ọlọ́run ló jẹ́ kó wà nínú Bíbélì. Ó yé mi nígbà náà pé mi ò ní láti ṣe ojú ayé níwájú Rẹ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbìyànjú ni orin. Bàbá mi ò mọ orúkọ mi lọ́pọ̀ ọjọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá dá orin ìjọ tí wọ́n mọ̀ láti ìgbà èwe wọn, wọ́n á gbè é, ẹsẹ dé ẹsẹ. Àwọn dókítà mọ̀ nípa èyí: nínú ọ̀pọ̀ ẹni tí àrùn ìgbàgbé ń ṣe, orin àtijọ́ máa ń pẹ́ kó tó lọ. Àdúrà Olúwa náà bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ «Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run», kí ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ wo bóyá màmá á gbà á lẹ́nu yín. Bí tèmi bá ti gbà á, mo ti lọ sí ìsìn lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

AjíhìnrereKan

Arábìnrin mi, Olúwa wà pẹ̀lú rẹ. Àwọn tó ṣáájú ti sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká gbàgbé pé Jésù ń woni sàn síbẹ̀. Mo gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o gba ààwẹ̀, kí o sì dúró lórí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fún màmá. Mo ti rí i tí arọ dìde. Má ṣe jẹ́ kí ahọ́n rẹ máa jẹ́wọ́ àìsàn. Bí ìgbàgbọ́ bá kún, oògùn gan-an lè di ohun tí a ò nílò mọ́.

Nọ́ọ̀sìNínúÌjọ

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Èmi náà gbà pé Ọlọ́run ń woni sàn, mo sì máa ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn mi ní orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń kà á níbí dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì dúró fún ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀. Dídá a dúró lè mú òmíràn wá, ìkejì sì máa ń burú ju ti àkọ́kọ́ lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Pọ́ọ̀lù tí aṣọ ara rẹ̀ ń woni sàn fi Tírófímù, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá a rìn, sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn (2 Tímótì 4:20), ó sì júwe ohun tí Tímótì yóò lò fún inú rẹ̀ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Kò fẹ̀sùn àìnígbàgbọ́ kan èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Ní ti ààwẹ̀, ẹni tó ń gbé àgbàlagbà dìde lórí ibùsùn, tí kì í sì í sùn lóru, kò yẹ kó tún febi pa ara rẹ̀. Jẹ́ kí àwọn tí kò gbé nǹkan kan gba ààwẹ̀ náà fún un.

ỌmọMàmá, ẹ gbà mí láyè kí n sọ díẹ̀ nípa ìtọ́jú fúnra rẹ̀, torí pé bí iṣẹ́ bá rọrùn díẹ̀, ẹ̀mí náà á rí àyè mí.

Bí màmá kò bá lè yí ara wọn padà, ẹ máa yí wọn ní wákàtí méjì méjì kí egbò ìdùbúlẹ̀ má baà dá sí ìdí, gìgísẹ̀ àti ìgbáròkó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn nípa ìbùsùn onífẹ́ẹ́fẹ́, ó lè jẹ́ kí ẹ sùn pẹ́ díẹ̀ láàárín òru. Ẹ má fi apá ọ̀tún tí kò ṣiṣẹ́ yẹn fà wọ́n dìde láé, èjìká á yẹ̀. Kí wọ́n jókòó dáadáa bí wọ́n bá ń jẹun, kí wọ́n sì wà ní ìjókòó fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Bí ikọ́ bá ń mú wọn nígbà tí wọ́n bá ń mu omi, ẹ sọ fún dókítà, torí pé ó lè jẹ́ pé omi ń gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Bí ìgbàgbé bá sì dédé burú sí i láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ má rò pé ogbó lásán ni. Àkóràn nínú ìtọ̀ máa ń da orí àgbàlagbà rú, ó sì ní oògùn. Bí ojú bá wọ́ sí apá kan lójijì, tàbí tí apá òsì náà rọ, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má dúró ṣe àdúrà tán nílé. Ẹ máa gbà á lójú ọ̀nà.

Ẹ tún máa wo ojú wọn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ni ìbànújẹ́ ọkàn máa ń dé bá lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe àìmoore, kì í sì í ṣe ẹ̀mí òkùnkùn. Dókítà lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó sì ń bá àwọn olùtọ́jú náà jà, nítorí náà ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ara tiyín.

AjíhìnrereKan

Mo gbọ́, nọ́ọ̀sì. Mo fara mọ́ ọn lórí ọ̀rọ̀ oògùn. Ẹ máa lò ó, arábìnrin mi. Èmi àti àwọn tí a jọ ń gbàdúrà yóò gba ààwẹ̀ náà dípò rẹ. Fi orúkọ màmá ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀.

ÀlùfáàÀgbà

Àlàáfíà fún gbogbo ilé yìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi ń bẹ àwọn aláìsàn wò, ohun tí mo sì ń rí jù ni pé olùtọ́jú ló máa ń dá nìkan wà. Gbogbo wa á kí aláìsàn, a á gbàdúrà lé e lórí, a á sì máa lọ. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún wa kò rí ẹni bi í bóyá ó ti jẹun.

Nínú Ẹ́kísódù 17, nígbà tí ọwọ́ Mósè wúwo, Ọlọ́run kò fún un ní apá tuntun. Áárónì àti Húrì gbé òkúta fún un láti jókòó lé, wọ́n sì gbé ọwọ́ rẹ̀ ró, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, títí oòrùn fi wọ̀. Ìdáhùn àdúrà ni ènìyàn méjì yẹn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ ni ìjọ náà sì ṣe yẹ kó rí. Mo fẹ́ kí o wo Máàkù 2 pẹ̀lú. Ènìyàn mẹ́rin ló gbé arọ náà. Bíbélì ní nígbà tí Jésù rí ìgbàgbọ́ *wọn* ni ó sọ̀rọ̀ fún un. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ìgbàgbọ́ àwọn ẹlòmíràn ni yóò gbé ìwọ àti màmá rẹ wọlé, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwa ará ìjọ kì í mọ ohun tí a ó ṣe bí wọn ò bá sọ fún wa. Bí ẹnì kan bá tún bi ọ́ pé, «Kí ni a lè ṣe fún yín?», má dáhùn pé «Ẹ máa gbàdúrà fún wa» nìkan. Sọ ohun kan, sọ ọjọ́, sọ wákàtí: «Ẹ wá jókòó ti màmá lọ́sàn-án Sátidé, láti aago méjì sí márùn-ún.» «Ẹ bá mi gba oògùn wọn nílé ìwòsàn.» Ó rọrùn fún ènìyàn láti ṣe ohun tó ní orí àti ìdí ju pé kó máa wá ọ̀nà ìrànwọ́ kiri. Pe àwọn alàgbà pẹ̀lú bí Jákọ́bù 5:14 ti wí, kí wọ́n wá fi òróró yàn wọ́n, kí wọ́n sì mú Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa wá bá ẹ̀yin méjèèjì nílé. Ìwọ náà ni kí wọ́n gbé ọwọ́ lé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bi ọ́ nínú pé o ò wá sí ìpàdé mọ́, Olúwa wa fúnra rẹ̀ bínú sí àwọn tó fi nǹkan ìsìn bojú tí wọn ò tọ́jú bàbá àti ìyá wọn (Máàkù 7:9–13). Lórí igi àgbélébùú, nínú ìrora yẹn, ó ṣì wá ẹni tí yóò tọ́jú ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ tí ò ń ṣe nínú yàrá yẹn ti dé ọ̀dọ̀ Rẹ̀.

ỌkọÀárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè tèmi kún un. Jẹjẹrẹ ló ń ṣe ìyàwó mi, àwọn dókítà sì sọ pé kò sí ìtọ́jú tó lè wò ó mọ́. Wọ́n ní ká gba ìtọ́jú tí ń dín ìrora kù. Àwọn ẹbí ní bí a bá gbà, a ti gba ikú nìyẹn, a ti sọ ìgbàgbọ́ nù. Ìyàwó mi ń jẹ̀rora. Mi ò mọ ibi tí màá yà sí.

Nọ́ọ̀sìNínúÌjọ

Ọlọ́run yóò fún yín lókun, sà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn obìnrin kan fún yín. Cicely Saunders, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣe nọ́ọ̀sì, ó ti ṣe òṣìṣẹ́ ìtọ́jú aláìní ní ilé ìwòsàn, kó tó padà lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà nítorí àwọn tí àìsàn wọn kò gbóògùn tí wọ́n ń jẹ̀rora. Ní 1967, ó ṣí St Christopher's Hospice, ilé ìtọ́jú fún àwọn tí àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́, ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ohun tí ayé mọ̀ lónìí nípa irú ìtọ́jú yìí ti bẹ̀rẹ̀. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló sì tì í sí iṣẹ́ náà. Ó kọ́ wa pé ìrora ẹni tó ń lọ kì í ṣe ti ara nìkan. Ti ọkàn, ti ẹbí àti ti ẹ̀mí wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ la sì gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ìtọ́jú tí ń dín ìrora kù kì í lé ẹ̀mí jáde lára. Ẹ ṣì lè máa gbàdúrà ìwòsàn lójoojúmọ́ nígbà tí ìyàwó yín ń sùn láìkérora. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni mo ti rí tí ìrora wọn rọlẹ̀, tí wọ́n sì wá lè sọ̀rọ̀, tí wọ́n bá ọmọ wọn làjà, tí wọ́n tún kọrin. Ẹ bi ìyàwó yín ohun tí òun fẹ́, kí ẹ tó bi ẹbí.

Ìyá Ìbejì

Bàbá mi, ẹ ṣe bí nọ́ọ̀sì ti wí. Nígbà tí ọkọ mi fẹ́ máa lọ, ohun tí mo dúpẹ́ fún jù ni pé ó ní ìsinmi, a sì jọ sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún ẹbí pé ẹ̀yin àti ìyàwó yín ti gbàdúrà sí i, kí ẹ sì dúró síbẹ̀. A ó máa dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà.

ỌmọMàmá

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ìyá, kò sí ẹni tó ń gbà mí sílẹ̀ lóru. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lónìí pé nínú owó tó ń fi ránṣẹ́, ká yọ ti ẹni tí yóò máa sùn ti màmá lálẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ó sì gbà. Bàbá àlùfáà, mo sọ Sátidé, mo sọ aago méjì. Arábìnrin méjì ló fẹ́ wá.

Nǹkan kan ṣì ń dà mí láàmú. Bí màmá bá ń béèrè àbúrò wọn, mo máa ń sọ òtítọ́ pé ó ti kú, wọ́n á sì sunkún bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni. Lọ́la wọ́n á tún béèrè. Ṣé kí n máa purọ́ ni? Kristẹni ni mí, mi ò fẹ́ parọ́ fún ìyá mi.

AkọrinKejì

Ẹ̀gbọ́n, mo ti bá ọ̀rọ̀ yìí jà dáadáa. Ẹ ò ní láti purọ́, ẹ ò sì ní láti tún ọ̀fọ̀ náà ṣe lójoojúmọ́. Ìfẹ́ ló wà lẹ́yìn ìbéèrè yẹn, nítorí náà ìfẹ́ ni kí ẹ dáhùn. Bí bàbá mi bá béèrè ìyá wọn, mo máa ń sọ pé, «Ẹ ti ń rò ó. Irú ènìyàn wo ni wọ́n?» Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn, ọkàn wọn á balẹ̀, gbogbo ohun tí a sì sọ jẹ́ òtítọ́. Bí wọ́n bá tẹ̀ mọ́ ọn pé níbo ló wà, mo máa ń sọ pé, «Ọwọ́ Ọlọ́run ló wà, ara ń dẹ̀ ẹ́.» Mo gba ìyẹn gbọ́ tọkàntọkàn.

ÀlùfáàÀgbà

Mo fara mọ́ ìdáhùn ọmọ yìí. Éfésù 4:15 ní ká máa sọ òtítọ́ nínú ìfẹ́, ẹni tí ọgbẹ́ ọkàn rẹ̀ kò lè jinná nítorí pé kò lè rántí kò sì yẹ kí a máa tún un dá. Bí wọ́n bá sunkún, dì wọ́n mú.

ỌmọMàmá

Mo gbìyànjú rẹ̀ lálẹ́ yìí. Wọ́n sọ fún mi bí àbúrò wọn ṣe máa ń sá fún iṣẹ́ nígbà tí wọ́n wà léwe, mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Ẹ ṣeun. Kí ni kí n kọ sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ ní Sátidé?

Nọ́ọ̀sìNínúÌjọ

Ẹ kọ orúkọ oògùn, iye rẹ̀ àti wákàtí rẹ̀ sórí bébà kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ kọ bí màmá ṣe ń jókòó jẹun, apá tí wọn ò gbọ́dọ̀ fà, orin tí wọ́n fẹ́ràn, nọ́ńbà yín àti ti dókítà. Ẹ fi bí a ṣe ń yí wọn padà han àwọn arábìnrin náà lẹ́ẹ̀kan ní ojú yín kí ẹ tó jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ pa fóònù mọ́ inú àpò, kí ẹ sì lọ sùn ní yàrá kejì tàbí nílé ọ̀rẹ́. Wọ́n á pè yín bó bá di dandan.